Ayùn oníná nínú iṣẹ́ bàtà: ẹ jẹ́ kí ìka wa pé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aránbàtà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn sọ ní Takon, ní agbègbè Ṣakẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá aránbàtà, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó fi ọmọ yín sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ẹsẹ̀ gbogbo ìlú. Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko, ọmọ ilé-ìwé tó ń fẹsẹ̀ rìn, obìnrin tó ń ná ọjà, gbogbo wọn ló ń gbé bàtà wọn wá sọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìka ni.

Aránbàtà tó sọ ọ̀bẹ rẹ̀ nù yóò ra òmíràn lọ́jà. Ẹni tí òòlù rẹ̀ kán yóò yá ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yá wa ní àtàǹpàkò? Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ìka? Àtàǹpàkò ló ń ti ìlu wọ inú awọ. Àwọn ìka yòókù ló ń fa okùn kó le. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọwọ́ kan kò sì lè rán bàtà. Nítorí náà, ohun èlò àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa kì í ṣe ọ̀bẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọwọ́ wa ni.

BÁWO NI AYÙN ONÍNÁ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA?

Láyé àtijọ́, ọ̀bẹ, ìlu, òòlù, ẹ̀mú, abẹ́rẹ́ àti okùn tí a fi ìda pa ni gbogbo ẹrù aránbàtà. Gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí kan ṣoṣo. Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn nígbà náà, agbára ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé e. Bí ọwọ́ bá dúró, ọ̀bẹ náà á dúró.

Lónìí, iná mànàmáná ti sún mọ́ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni iná láti Akósóńbò ní Gánà ti ń gba Tógò kọjá dé orílẹ̀-èdè wa. Ní 2007, wáyà ńlá mìíràn tún dé láti ìhà Nàìjíríà. Ó gbéra ní Ìkẹjà ní Èkó, ó sì gúnlẹ̀ sí Ṣakẹ́tẹ́ níbí. Agbára tó ń gba inú rẹ̀ jẹ́ 330,000 fọ́ọ̀tì. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ló ń bù ú kù, títí yóò fi di 220 fọ́ọ̀tì kó tó wọ ilé wa. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo 220 yìí. Ó tó pa ènìyàn.

Bí iná ṣe ń dé ni àwọn ohun èlò tòkunbọ̀ ń gba Kútọnù wọlé: ayùn káfíńtà, ẹ̀rọ ìgérin, ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ. Aránbàtà tó rówó kó jọ díẹ̀ a ra ọ̀kan. Kò burú. Ẹ̀rọ a máa dín làálàá kù. Ṣùgbọ́n ayùn oníná kì í ṣe ọ̀bẹ tí a fi iná sí lára. Bí ọwọ́ bá dúró, òun kò ní dúró. Kò mọ awọ yàtọ̀ sí ẹran ara.

IṢẸ́ WO LÓ YẸ AYÙN?

Kí a tó sọ bí a ó ṣe lo ayùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè: ṣé iṣẹ́ yìí nílò ayùn rárá? Èyí ni ààbò àkọ́kọ́.

Awọ kò nílò ayùn oníná. Ọ̀bẹ tó mú ló yẹ awọ. Rọ́bà tí kò nípọn náà kò nílò rẹ̀. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín dáadáa, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi ọṣẹ, ẹ wá fi gé rọ́bà. Omi ọṣẹ náà kò ní jẹ́ kí rọ́bà di ọ̀bẹ mú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ayùn ṣe, ọ̀bẹ tí kò mú ló fà á.

Kí ló wá kù fún ayùn? Igi tí a fi ń ṣe gìgísẹ̀ bàtà obìnrin. Rọ́bà líle tó nípọn. Fóòmù líle tí a ń tò lé ara wọn, tí a fi ń gbé ìsàlẹ̀ bàtà kan sókè fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Iṣẹ́ rere nìyẹn. Ẹni tó ń tiro, tí a bá bá a tún bàtà rẹ̀ ṣe, a lè mú kó rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tún ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣe, kí a sì sọ ọwọ́ ara wa di aláàbọ̀.

Táyà ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀ lórí táyà. Ọdún 1946 ni Michelin gba ìwé-àṣẹ lórí táyà tí wọ́n to okùn irin sínú rẹ̀. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú táyà ọkọ̀ kékeré ló ní irin wẹ́wẹ́ lábẹ́ ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ní irin nípọn ní ẹnu tó ń di àgbá mú. Bí eyín ayùn bá pàdé irin náà, eyín lè já kó fò, irin lè já kó gún ojú, ayùn lè ta padà sí ẹni tó mú un. Tí ẹ bá fẹ́ fi táyà ṣe bàtà, ẹ wá èyí tí kò ní irin lójú, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e níbi tó jìnnà sí ẹnu táyà.

Bákan náà ni bàtà tó ti gbó. Ìṣó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ wà láàárín ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ bàtà ọkùnrin. Ojú kò rí wọn. Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Ẹ yọ òòfà, irin tó ń fa irin, lára gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi í rìn káàkiri lára bàtà náà. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, irin wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́ kí ayùn tó dé ibẹ̀.

NỌ́MBÀ TÓ WÀ LÁRA Ẹ̀RỌ

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ìwé kíkà, iṣẹ́ yín rèé. Gbogbo ẹ̀rọ tòótọ́ ló ní àmì pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́mbà sí. Ẹ kà á.

Èkíní ni fọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn nọ́mbà náà, ẹ ó rí lẹ́tà V. Ó yẹ kó jẹ́ 220 tàbí 230. Bí ẹ bá rí 110, ẹ má ṣe kì í bọ iná wa. Yóò jó.

Èkejì ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Lára ẹ̀rọ tó ti ilẹ̀ Faransé wá, wọ́n a kọ ọ́ báyìí: tr/min. Ẹ̀rọ kékeré ọlọ́wọ́ tí àwọn tó ń jó irin fi ń gé irin, tí dísìkì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 115, a máa yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, etí dísìkì náà ti rin mítà 66. Ìyẹn ju kìlómítà 230 lọ ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Pobẹ̀ tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ọwọ́ ènìyàn tó yá tó láti sá fún un.

Ẹ̀kẹta, nọ́mbà wà lára dísìkì náà fúnra rẹ̀. Dísìkì ńlá mìlímítà 230 kò gbọ́dọ̀ yí ju nǹkan bí ìgbà 6,600 lọ. Ẹnìkan a rí dísìkì ńlá tó ti jẹ kù díẹ̀, a yọ ìbòrí ẹ̀rọ kékeré kúrò kí dísìkì náà lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà yóò yí i ní 11,000. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Dísìkì náà lè fọ́ lójú ẹsẹ̀, kó fọ́n ká bí òkúta tí a fi kànnàkànnà ta. Nọ́mbà dísìkì gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ tàbí kó bá a dọ́gba. Kò gbọ́dọ̀ kéré sí i láéláé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo òrùka irin tó wà láàárín dísìkì ìgérin. Wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí agbára rẹ̀ yóò parí síbẹ̀. Dísìkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tàbí tí omi ti wọ̀, tàbí tó ti sán, ẹ kán an sí méjì kí ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Àwọn kan a máa de abẹ ayùn eléyín, ti igi, mọ́ ẹ̀rọ kékeré ìgérin yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ náà fún eyín. Bí eyín bá há sínú igi tàbí rọ́bà, ẹ̀rọ náà yóò fò kúrò lọ́wọ́, yóò sì máa yí lọ ní àyà, ní ọrùn tàbí ní itan ẹni tó mú un.

KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ wo ìbòrí. Ìbòrí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ògiri tó wà láàárín ìka àti eyín. Láti 1963 ni àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ṣe àdéhùn kan, Àdéhùn 119, pé kò yẹ kí a ta ẹ̀rọ tí ibi eléwu rẹ̀ kò ní ìbòrí, kò sì yẹ kí òṣìṣẹ́ lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ra ayùn, tí ẹni tó ń tà á sọ pé ìbòrí ti sọnù, ẹ fi ayùn náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ wo wáyà. Wáyà tí eku ti jẹ, tí a fi ọ̀rá dì, kò yẹ iṣẹ́. Bí ẹ bá lo wáyà gígùn tí a ká, ẹ tú u sílẹ̀ tán. Bí ó bá wà ní kíká, yóò gbóná, ara rẹ̀ yóò yọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gba ojú omi kọjá.

Ẹ wo ara yín. Apá aṣọ tó gbòòrò, ẹ ká a sókè. Ẹ̀gbà ọrùn, òrùka, ìborùn, ẹ bọ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọ̀wọ́ aṣọ yóò dáàbò bo ọwọ́ níwájú ayùn tó ń yí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín ayùn yóò gbá etí ìbọ̀wọ́ mú, yóò sì fa ọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ọwọ́ lásán tó jìnnà sàn ju ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ tó sún mọ́ ọn.

Ẹ fi awò ìdáàbòbò sójú. Awò òòrùn kò tó, nítorí ó lè fọ́ sójú. Kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Ìtìjú ni kí aránbàtà máa ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lásán, kí iná sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀.

Ẹ wo ibi iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tó. Tábìlì kò gbọ́dọ̀ mì. Kí àwọn ọmọdé àti oníbàárà dúró lẹ́yìn, kì í ṣe ní ọ̀gangan dísìkì. Ẹni tí oorun ń kùn, ẹni tó ti mu sódàbì, ẹni tí inú ń bí, kó má ṣe fọwọ́ kan ayùn lọ́jọ́ náà.

NÍGBÀ TÍ AYÙN BÁ Ń YÍ

Ohun tí a ń gé gbọ́dọ̀ dúró. Kì í ṣe ọwọ́ ló yẹ kó mú un dúró. Fáìsì ni, tàbí ìdè onírin tí a dè mọ́ tábìlì. Ìsàlẹ̀ bàtà kéré, ìka wa a sì máa sún mọ́ eyín láìmọ̀. Bí nǹkan náà bá kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò yẹ ayùn oníná. Ẹ gé e nígbà tó ṣì wà lára èyí tó tóbi, tàbí kí ẹ lo ayùn ọwọ́.

Bí ó bá jẹ́ ayùn orí tábìlì ni, ẹ má ṣe fi ìka ti ohun tí ẹ ń gé títí dópin. Ẹ gbẹ́ igi kan tó gùn tó apá láti fi máa tì í. Igi ni kí eyín jẹ.

Bí ẹ bá ní ànfààní láti yàn, ayùn tí abẹ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń lọ sókè sódò, sàn fún rọ́bà àti fóòmù ju dísìkì tó ń yí lọ. Òun náà lè gé ìka, ṣùgbọ́n kì í sáábà fò. Rọ́bà a máa gbóná, a máa rọ̀, a sì máa di abẹ mú. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ayùn jẹun bó ṣe mọ̀ ọ́n jẹ. Bí èéfín bá ń jáde, ẹ dúró, kó tutù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí abẹ bá há, kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ má fà á. Ẹ má yí i. Ẹ pa á. Ẹ yọ orí wáyà kúrò nínú iná. Ẹ dúró kí ó dákẹ́ pátápátá, nítorí dísìkì a máa yí lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ọwọ́ wọlé.

INÁ TÓ LỌ Ń PADÀ BỌ̀

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa níbí ni.

Aránbàtà ń gé gìgísẹ̀ bàtà. Iná lọ lójijì. Ayùn dákẹ́. Ó rò pé ayùn náà ti kú. Ó na ọwọ́ láti gbá eruku kúrò lára abẹ, tàbí láti yọ rọ́bà tó há. Kò rántí pé bọ́tìnnì ṣì wà ní títẹ̀. Iná padà dé. Ta ni yóò kìlọ̀ fún un? Iná kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé: nígbàkígbà tí iná bá lọ, kí ọwọ́ ọ̀tún pa bọ́tìnnì, kí ọwọ́ òsì yọ orí wáyà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni nítorí iná tó lọ. Ẹ ṣe é kí ẹ tó dìde. Ẹ̀rọ kékeré ọlọ́wọ́ míì ní ìkọ́ tó ń di bọ́tìnnì mú kó má bàa kúrò. Ẹ má ṣe lo ìkọ́ náà. Bí ẹ bá ń ra ayùn orí tábìlì, ẹ béèrè irú èyí tí kì í dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà, àfi tí ènìyàn bá tún bọ́tìnnì rẹ̀ tẹ̀. Owó rẹ̀ lè ga díẹ̀. Ìka mélòó ni owó náà tó rà?

Ẹnìkan lè sọ pé: "Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń lò, iná mi kì í lọ." Jẹnẹrétọ̀ náà a máa kú tí ẹ̀sáǹsì bá tán, a sì máa jí tí ọmọ iṣẹ́ bá fà á. Òfin kan náà ni.

GỌ́Ọ̀MÙ, Ẹ̀SÁǸSÌ ÀTI ERUKU

Ṣọ́ọ̀bù aránbàtà yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Oòrùn líle tí ẹ ń gbọ́ nínú gọ́ọ̀mù bàtà jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbaná bí ẹ̀sáǹsì. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ó máa ń rọra wọ́ lórí ilẹ̀ bí omi, kò sì sí ẹni tó ń rí i. Inú ẹ̀rọ ayùn a sì máa ta iná wẹ́wẹ́. Dísìkì tó bá kan ìṣó yóò ta iná púpọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ṣọ́ọ̀bù lè jó.

Àwa tó wà lẹ́bàá ẹnubodè mọ ẹ̀sáǹsì kpayo dáadáa. Ìgò rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ má ṣe gbé e sínú ibi tí ayùn wà. Ẹ má ṣe fi í po gọ́ọ̀mù. Ẹ má ṣe bu ú sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ya iṣẹ́ gọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ iṣẹ́ ayùn: ẹ gé lówùúrọ̀, ẹ lẹ̀ nírọ̀lẹ́, tàbí kí ẹ gbé ọ̀kan síta, kí ẹ fi èkejì sínú ilé. Ẹ de agolo gọ́ọ̀mù pa. Kí garawa iyanrìn wà nítòsí. Iná gọ́ọ̀mù kò ṣeé fi omi pa.

Eruku ńkọ́? Ayùn àti òkúta ìpọ́nbẹ a máa sọ awọ àti rọ́bà di eruku lúbúlúbú. Ní 1987, àjọ IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ka ṣíṣe bàtà àti títún bàtà ṣe mọ́ iṣẹ́ tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní 2012, ìwé wọn dárúkọ eruku awọ, wọ́n sì sọ pé inú imú ni jẹjẹrẹ rẹ̀ ti ń jáde. A kò sọ èyí kí ẹ̀rù lè lé yín kúrò lẹ́nu iṣẹ́. A sọ ọ́ kí ẹ lè fi ìbomú tó dára bo imú, kí ẹ máa gé nǹkan níta tàbí lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku. Fífẹ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, ẹ̀yin náà ni yóò tún mí i sínú.

Ọ̀GÁ LÓ NI Ẹ̀RỌ, ỌMỌ IṢẸ́ LÓ NI ÌKA

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́.

Ta ni a sábà máa ń ní kó di nǹkan mú nígbà tí ayùn bá ń gé e? Ọmọ iṣẹ́ ni. Ta ni a ń rán láti yọ ohun tó há? Ọmọ iṣẹ́ ni. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọ̀gá ló pàdánù. Bí ìka bá gé, ọmọ iṣẹ́ ló pàdánù, ó sì lè má dé ọjọ́ ìgbòmìnira rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà kò lè sọ pé rárá. Wọ́n kọ́ ọ kó máa dọ̀bálẹ̀, kó máa gbọ́ràn. Nítorí pé kò lè sọ pé rárá, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́.

Àwọn òfin ti wà. Ní 1999, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe Àdéhùn 182 lórí iṣẹ́ tó burú jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ìmọ̀ràn 190 tó bá a rìn dárúkọ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ eléwu. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 2001. Ní 2011, ìjọba wa gbé àkójọ iṣẹ́ eléwu tí a kà léèwọ̀ fún ọmọdé jáde. Ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ayùn bá ń yí. Ọ̀gá ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa báyìí: ọmọ tí kò tíì pé 18, kó kọ́ ìlu, kó kọ́ ọ̀bẹ, kó kọ́ bí a ṣe ń rán bàtà. Ayùn oníná yóò dúró dè é. Èyí tó bá ti dàgbà, kí ọ̀gá kọ́kọ́ fi hàn án nígbà tí orí wáyà wà níta. Kó dárúkọ gbogbo ibi ara ẹ̀rọ. Kó sọ ohun tí yóò ṣe bí iná bá lọ. Ìgbà tó bá sọ ọ́ láìṣì ni kó tó gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ọ̀gá sì dúró tì í.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń ṣe àdéhùn iṣẹ́ ọmọ yín, ọ̀rọ̀ owó àti ọdún nìkan kọ́ ni kí ẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìlà mẹ́ta sí i, ní èdè tí gbogbo wa gbọ́. Ìlà kìíní: ẹ̀rọ wo ni ọmọ yìí yóò lò, láti ọdún wo? Ìlà kejì: ta ni yóò ra awò ojú àti ìbomú? Ìlà kẹta: bí ó bá farapa, ta ni yóò sanwó ilé ìwòsàn? Ọ̀gá tó jẹ́ ọmọlúàbí kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

BÍ Ọ̀RÀN BÁ ṢẸLẸ̀

Kí ẹni tó wà nítòsí kọ́kọ́ yọ orí wáyà. Bí iná ló mú ènìyàn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án kí iná tó kúrò. Bí kò bá ṣeé pa, ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọgbẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ pinpin, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, ẹ má ṣe yọ ọ́. Ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má ṣe da ẹ̀sáǹsì, karosíìnì, eérú, tábà tàbí gọ́ọ̀mù sí i.

Bí ìka bá já, ẹ wá a. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi mímọ́ rin díẹ̀ wé e. Ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í pa. Ẹ gbé ọ̀rá náà sínú ọ̀rá mìíràn tí omi àti yìnyín wà. Ìka fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè lẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gbé e dání, kò sí ẹni tó lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹ yára lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ má ṣe padà sílé lọ ronú. Ẹ béèrè fún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí àrùn ipá mú ènìyàn, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.

Ẹ JẸ́ KÍ A TÚN UN SỌ

Ẹ̀yin tó ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tó o.

1. Bí ọ̀bẹ bá lè ṣe é, má ṣe gbé ayùn.
2. Fi òòfà wá irin, kí o tó gé.
3. Ka nọ́mbà ẹ̀rọ àti ti dísìkì.
4. Kò sí ìbòrí, kò sí iṣẹ́.
5. Fáìsì ni kó di nǹkan mú, kì í ṣe ọwọ́.
6. Iná lọ: pa bọ́tìnnì, yọ wáyà.
7. Gọ́ọ̀mù àti ayùn kì í gbé ojú kan.
8. Ọmọdé kì í lo ayùn oníná.

Bí ẹ bá gbàgbé méje nínú rẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé ẹyọ kan yìí: ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí eyín ayùn wà, àfi tí orí wáyà bá wà níta, níbi tí ojú yín ti rí i.

Nírọ̀lẹ́ òní, kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jọ gbé ẹ̀rọ wọn sórí tábìlì, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀, kí wọ́n sì jọ ka nọ́mbà tó wà lára rẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ ló kà á sókè. Kí ọ̀gá máa gbọ́. Èyí tí ìbòrí rẹ̀ kò sí, kó máà tún fojú kan iná títí ìbòrí yóò fi dé.

Kí ọwọ́ wa máa pé.